Ìdajì Ajá Mi Tí Kò Sẹ́ni Tó Ń Dárúkọ

Ní Abẹ́òkúta, bí ènìyàn bá fa ajá jáde ní ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe orúkọ ajá náà, kì í sì í ṣe bóyá ajá náà máa ń gé ènìyàn jẹ. Irú ajá tó jẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Bó bá jẹ́ Alsatian tàbí Rottweiler tí kò lábùlà, ìdáhùn kò gba àròjinlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ajá ìbílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ekuke, kò sẹ́ni tí yóò béèrè rárá, nítorí olúkúlùkù ti gbà pé òun mọ ohun tó jẹ́. Ajá tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni èyí tó wà láàárín, tí etí rẹ̀ ń tọ́ka síbì kan, tí ìrù rẹ̀ sì ń tọ́ka síbòmíràn. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni mo ń sìn. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdáhùn lẹ́nu àwọn ènìyàn nípa rẹ̀, títí èmi fúnra mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ẹ̀jẹ̀ ajá, nípa bí àwọ̀ ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ, àti nípa ibi tí a lè gbára lé ojú lásán dé nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo kà jẹ́ kó dá mi lójú pé nínú gbogbo ìṣirò tí a ń ṣe lórí àwọn ajá wọ̀nyí, apá kan wà tí a máa ń fò dá, apá náà gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó lọ ra pákó ní Láfẹ́nwá ló gbé ajá yìí wá sí ilé wa ní Ọbáńtokò. Òjò ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ó sì rí ọmọ ajá kan tó há sáàárín àwọn pákó, tí eégbọn ti bo etí rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì wú nítorí aràn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò mọ ìyá rẹ̀, a kò tíì wá sọ ti bàbá. Ìyá mi sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti máa ń fi odidi ọ̀rọ̀ sọ ajá lórúkọ. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, kò wo àwọ̀ ajá náà rárá. Ẹnu rẹ̀ ló là. Eyín àkọ́hù ajá jẹ́ 28, eyín àgbà rẹ̀ sì jẹ́ 42, bẹ́ẹ̀ ni àwọn eyín kéékèèké iwájú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí ọmọ ajá bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Dókítà fi ìka kan eyín iwájú kan tó ti ń mì, ó ní ajá náà ti tó oṣù mẹ́rin tàbí kó dín díẹ̀. Mo fẹ́ràn irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn lè fi ìka kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí nísinsìnyí tó ti dàgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní àyà rẹ̀ àti ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú àmì pupa kékeré kan sì wà lókè ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ funfun. Etí ọ̀tún dúró ṣánṣán, ti òsì tẹ̀ níbi ṣóńṣó. Ìrù rẹ̀ ká lọ sórí ìbàdí. Ẹnu rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ jìn, ikùn rẹ̀ sì fà wọnú bí ti ajá tó lè sáré. Bí ó bá gbọ́ ariwo tó ṣàjèjì, tó sì na etí, iwájú orí rẹ̀ á hunjọ. Ahọ́n rẹ̀ ní àbàwọ́n dúdú méjì tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kílò 17 ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ní oríta wa ní Alsatian ni bàbá rẹ̀, etí tó dúró ni ẹ̀rí tirẹ̀. Bàbá onílé wa kò gbà bẹ́ẹ̀; àmì pupa méjì tó wà lókè ojú ti tó fún wọn láti sọ pé Rottweiler ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ọmọ ajá lẹ́bàá títì tilẹ̀ bínú díẹ̀ nígbà tí mo ń ṣiyèméjì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, kúrọ́ọ̀sì Rottweiler nìyí, ẹ wo àyà rẹ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé nítòsí rí ahọ́n rẹ̀, ó sì búra pé Chow Chow, irú ajá kan tí ahọ́n rẹ̀ dúdú, wà nínú ìdílé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbàwọ́n dúdú lórí ahọ́n wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ ajá tí kò bá Chow Chow tan. Ohun tó jọ mí lójú ni pé gbogbo wọn mọ̀ pé kì í ṣe ògidì, gbogbo wọn ló pè é ní kúrọ́ọ̀sì, síbẹ̀ orúkọ ìdajì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá. Kúrọ́ọ̀sì Alsatian. Kúrọ́ọ̀sì Rottweiler. Ta ni wọ́n wá fi ṣe kúrọ́ọ̀sì náà? Ìdajì kejì kò ní orúkọ lẹ́nu wọn, àfi bí ẹni pé omi lásán ni wọ́n fi la bàbá náà.

Àwọ̀ ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń wò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Gbogbo àwọ̀ tó wà nínú irun ajá, inú èròjà méjì péré ló ti ń wá, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ìyàtọ̀ tí a ń rí wá láti inú àwọn jíìnì tó ń pàṣẹ ibi tí èyí yóò wà, ibi tí ìyẹn yóò wà, àti bí yóò ti ki tó. Ajá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn ẹ̀dà kan wà tí ẹyọ kan péré ti tó kí iṣẹ́ wọn hàn. Àwọn mìíràn sì wà tí kò ní hàn láé àfi bí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà. Ara àwọn tí kò ní hàn bí kò bá pé méjì ni àwọ̀ dúdú tó ní àmì pupa lókè ojú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ẹsẹ̀, àwọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àwọ̀ Rottweiler. Bí ajá pupa bá ní ẹ̀dà pupa kan àti ẹ̀dà dúdú-alámì kan, pupa ni yóò máa jẹ́ lójú wa.

Ẹ wá fi èyí wo Tanímọ̀la. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ Rottweiler lóòótọ́, bàbá náà lè fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀dà kejì ní láti ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá náà, ekuke tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, gbé àwọ̀ yìí sínú ara rẹ̀ kí Rottweiler kankan tó dé. Ṣé ó ṣeé ṣe kí ajá ilẹ̀ Áfíríkà ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó yá a lọ́wọ́ ajá òkè òkun? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Basenji, ajá tí àwọn òyìnbó kó láti ẹkùn Kóńgò lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930, ní àwọ̀ pupa, ó ní dúdú, ó ní dúdú alámì pupa, ó sì ní abilà tó ní ìlà wínníwínní bíi ti ẹkùn. Funfun máa ń wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ní àyà rẹ̀ àti ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Etí rẹ̀ dúró, ìrù rẹ̀ ká, iwájú orí rẹ̀ sì máa ń hunjọ bó bá na etí. Mo ka àpèjúwe náà tán, mo wo ajá tó sùn sí ẹsẹ̀ mi, mo sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun kan tí àwọn aládùúgbò mi fi ń jẹ́rìí Alsatian tàbí Rottweiler tí ajá Áfíríkà kò ti ní tẹ́lẹ̀.

Mi ò sọ pé Basenji ni Tanímọ̀la o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ náà.

Àpẹẹrẹ kan wà tó tún yà mí lẹ́nu ju ti àwọ̀ lọ, òun sì ni ti Lhasa. Àwọn ajá kékeré onírun gígùn yìí pọ̀ káàkiri ìlú wa, wọ́n sì máa ń bá ekuke gùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fura. Nígbà tí obìnrin ekuke bá bímọ fún Lhasa, ẹni tó ni ín á máa retí ọmọ onírun gígùn, á wá rí àwọn ọmọ tí irun ara wọn kúrú, ṣùgbọ́n tí irùngbọ̀n àti irun ojú wọn rí gbágungbàgun bí ti bàbá arúgbó. Àwọn ènìyàn á ní Lhasa kọ́ ni bàbá wọn. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 2009, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi hàn pé jíìnì mẹ́ta péré ló ń ṣàkóso èyí tó pọ̀ jù nínú oríṣiríṣi irun ajá. Irun gígùn gba ẹ̀dà méjì kó tó hàn, nítorí náà ekuke onírun kúkúrú á bò ó mọ́lẹ̀. Irùngbọ̀n àti irun ojú kò gbà ju ẹ̀dà kan lọ, wọ́n á sì yọ sí ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Lhasa gan-an ni, àbùdá bàbá rẹ̀ kan fara hàn, èkejì sápamọ́. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá tún bá ara wọn gùn, irun gígùn lè yọ lára ọmọ-ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ onírun kúkúrú, ariwo á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller mú Basenji gùn Cocker Spaniel, ajá onírun gígùn tí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n sì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1965. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ kò jọ ìyá, wọn kò jọ bàbá. Nígbà tí wọ́n tún mú àwọn ọmọ náà gùn ara wọn, àwọn tí a bí nínú oyún kan ṣoṣo yàtọ̀ síra débi pé ẹni tó bá pàdé ọ̀kan nínú wọn lójú títì yóò dárúkọ ajá tí kò sí nínú ìdílé wọn rárá. Ìran méjì péré nìyẹn, ti òbí méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ta ni yóò wá fi ojú lásán ka ìran mẹ́fà tàbí méje tí ajá fi ń gùn kiri láàárín Láfẹ́nwá àti Ìtòkú?

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa rí ajá lójoojúmọ́ pàápàá kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ajá tó lé ní 900 ní ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò nílé, ní Arizona àti ní San Diego. DNA fi hàn pé irú ajá 125 ló pín sára wọn, ìwọ̀nba bí 5 nínú 100 ló sì jẹ́ ògidì. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ojú sọ wé èsì DNA, òṣìṣẹ́ mọ ó kéré tán ẹyọ irú kan nínú ìdílé ajá ní nǹkan bí ìgbà 67 nínú 100. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kí wọ́n mọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó já wálẹ̀ sí bí 10 nínú 100. Mo dúró lórí nọ́ńbà kejì yìí gidigidi, nítorí ó fara jọ ohun tí àwọn aládùúgbò mi ń ṣe: ojú ènìyàn máa ń mú àbùdá kan tó hàn gbangba, yóò sọ ọ́ lórúkọ, yóò sì dákẹ́ lórí gbogbo ìyókù. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí a kò ní, pé ìyókù náà jẹ́ irú ajá tó ní orúkọ nínú ìwé. Níbí, ìyókù ni ekuke.

Kí ni ekuke gan-an? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àmúlùmálà ni, pé oríṣiríṣi ajá òyìnbó ló dà pọ̀ títí wọ́n fi di ajá pupa kan tó ń rìn kiri ọjà. Bí ìtàn ti rí kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2009, Adam Boyko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ajá ìbílẹ̀ tó lé ní 300 láti Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ajá náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tọwọ́tẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdàlù òkè òkun hàn lára àwọn kan, pàápàá ní Nàmíbíà. Basenji bọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn. Rhodesian Ridgeback, tí gbogbo ayé ń pè ní ajá Áfíríkà, kò bọ́ síbẹ̀. Ilẹ̀ mìíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ mìíràn ka odidi DNA àwọn ajá Áfíríkà kan, tí ajá Nàìjíríà wà lára wọn, wọ́n sì rí àmì pé ilẹ̀ yìí ti tún ara wọn ṣe. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ADGRE1, tó ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń gbéjà ko kòkòrò bíi ti ibà.

Ẹ tún wo ọdún. Ọdún 1873 ni wọ́n dá Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń kọ irú ajá sínú ìwé, sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1899 ni Max von Stephanitz fi orúkọ ajá kan tó ń jẹ́ Horand sílẹ̀ ní Jámánì gẹ́gẹ́ bí Alsatian àkọ́kọ́ nínú ìwé. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ. Ìlú wa fi nǹkan bí 70 ọdún dàgbà ju Alsatian lọ, ọdẹ Yorùbá sì ti ń fi ajá dẹ igbó tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Jámánì tó kọ irú ajá kankan sínú ìwé. Ajá tí a kò kà sí yìí ló dàgbà jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun ní kí n rán itọ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò DNA, kí ọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe ohun búburú. Wọ́n á fi igi olówùú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá náà, wọ́n á ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojúkò nínú DNA rẹ̀, wọ́n á sì fi wé àkójọ àwọn ajá tí wọ́n ti mọ irú wọn. Inú àkójọ náà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ní kí ẹni tí kò tíì gbọ́ ju ohùn Ìjẹ̀bú àti ohùn Ọ̀yọ́ lọ sọ ibi tí Ẹ̀gbá kan ti wá, yóò sọ ọ̀kan nínú méjèèjì, kò sì purọ́. Ohun tó mọ̀ ló fi díwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí kò ní ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà nínú àkójọ rẹ̀ ṣe lè pín ekuke sí Chow Chow díẹ̀, Basenji díẹ̀, àti orúkọ bí i mẹ́ta mìíràn tí kò sẹ́ni tó rí rí ní Ọbáńtokò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń fi ajá ìbílẹ̀ kún àkójọ wọn. Boyko yẹn gan-an wà lára àwọn tó dá Embark, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA ajá, sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ náwó lórí àyẹ̀wò, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà wà nínú ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó fi owó náà ra oúnjẹ ajá.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá irú ajá kiri sábà máa ń jẹ́ ìwà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò le, bóyá yóò ṣọ́lé, bóyá yóò fẹ́ràn ọmọdé. Àwọn tó ń ta ajá lẹ́bàá títì mọ èyí, orúkọ òyìnbó kan sì ti tó láti sọ owó ọmọ ajá di ìlọ́po. Ní ọdún 2022, ìwádìí ńlá kan jáde tó gba ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn tó ni ajá tó lé ní 18,000, tó sì ka DNA ajá 2,155. Irú tí ajá jẹ́ kò ṣàlàyé ju bí 9 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà ajá kan sí èkejì. Ó ní àwọn ìwà tí ìran kan fi ju òmíràn lọ díẹ̀, bí i gbígbọ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n bí ajá ṣe ń yára bínú tàbí bẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ ìran rẹ̀. Tanímọ̀la ń bẹ̀rù ìró pákó tó bá ṣubú, kò sì sí ìran tí mo nílò láti fi ṣàlàyé ìyẹn.

Síbẹ̀ n kò sọ pé ká má fojú díwọ̀n rárá. Ibì kan wà tí ó ti lè gba ẹ̀mí ajá là, ibẹ̀ sì ni ìlera. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ rí àléébù kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní MDR1. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára Collie, irú ajá darandaran kan, ó sì wà lára àwọn Alsatian kan pẹ̀lú. Ajá tó bá ní in kò lè lé àwọn oògùn kan kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ bó ti yẹ, Ivermectin sì wà lára wọn. Gbogbo ẹni tó ń sin ajá níhìn-ín mọ Ivermectin. Àwọn mìíràn máa ń ra èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù, tí wọ́n á sì gún un fún ajá nítorí eégbọn tàbí ara yíyún tó ń mú irun re, láìwọn ajá náà, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ajá tó ní àléébù náà lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó fọ́jú, kó dákú, kó sì kú, wọ́n á ní májèlé ni aládùúgbò fún un jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ Alsatian bá lè wà lára ajá rẹ, orí ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí o ti ronú nípa rẹ̀, kì í ṣe orí bí yóò ṣe gbó mọ́ olè.

Lódìkejì, ẹ̀jẹ̀ ekuke ní ohun tó ń ṣe fún ajá ní ìlú tí eégbọn kì í tán yìí. Ajá ìbílẹ̀ sábà máa ń fara da ibà eégbọn ju ajá òkè òkun lọ, irun kúkúrú rẹ̀ sì bá oòrùn Abẹ́òkúta mu; ajá Caucasian tí ó wọ irun òtútù máa ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ páànù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ó sì máa ń ṣe mí láàánú. Àrùn dìgbòlugi nìkan ni kò mọ ìran kankan. Ekuke, Rottweiler, àmúlùmálà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, àti lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran mìíràn nínú ìlú.

Èmi náà ní ohun tí mo rò nípa bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀, mo rí i pé lábẹ́ irun òkè tó le, irun kejì wà, tó rọ̀, tó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú bí eérú, pàápàá lẹ́yìn ọrùn àti ní itan. Ó máa ń re tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kún búrọ́ọ̀ṣì. Ekuke tí mo ti fọwọ́ kàn kì í sábà ní irú irun abẹ́ tó ki báyìí. Ẹ̀rí kékeré ni, ó sì tó fún mi láti sọ pé ó ṣeé ṣe kí Alsatian kan wà nínú ìdílé rẹ̀, bóyá bàbá, bóyá bàbá bàbá. N kò ní fi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà lọ gba abẹ́rẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ káàdì béèrè irú ajá tó jẹ́. Kí n tó dáhùn, ó ti wo ojú ajá náà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Rottweiler. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kọ ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà ṣáájú, kó wá fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ Alsatian lè wà níbẹ̀. Ó wo dókítà. Dókítà ní, “Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́,” wọ́n sì gba káàdì náà, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gún un ní Ivermectin láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n oògùn aràn tí yóò gbà.